Bí Ilẹ̀ Èkan Ṣe Di Pápá Ajá

  Bí ẹ bá ń gbọ́ wa nínú mọ́tò, ẹ rọra gbé ohùn sókè díẹ̀. Bí ẹ bá sì ń kà á lórí fóònù, bí mo ṣe sọ ọ́ la ṣe tẹ̀ ẹ́ síbí; ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan la yọ kúrò.

Láti ìgbà tí mo ti gbé fídíò àwọn ajá tó ń sáré lórí koríko sórí status mi, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ ń fi ránṣẹ́: "Níbo lẹ ti rí pápá yẹn n'Íbàdàn?" A ò rí i níbì kankan o. A ṣe é ni. Ààbọ̀ plọ́ọ̀tì ni, láàárín ilé àwọn èèyàn, ládùúgbò wa níbí. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, èkan ibẹ̀ ga dé àyà mi. Ẹ mọ èkan, àbí? Koríko tí ẹnu rẹ̀ mú bí ọ̀kọ̀, tí ewé rẹ̀ máa ń gé èèyàn lẹ́sẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ funfun bí òwú. Akíntọ́lá-ta-kú náà wà níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń pe igbó yẹn bẹ́ẹ̀ ni pé Olóyè Akíntọ́lá ta kú lọ́dún 1962 pé òun ò ní kúrò nípò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Igbó ọ̀hún náà kì í gbà kúrò nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Patanmọ́ ń dúró de ẹsẹ̀ èèyàn nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gún rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àfọ́kù blọ́ọ̀kù, ìgò, ike, tìmùtìmù àga tó ti jẹrà. Gbogbo àdúgbò ló ń da pàǹtí síbẹ̀.

Kí n tó wọ inú iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn kan lóhùn. Àwọn tó kọ ọ́ sí mi pé, "Èèyàn gan-an ò rí ibi ṣeré, ẹ wá ń ṣe pápá fún ajá." Òótọ́ lẹ sọ nípa ti èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ajá ṣe ń gbé nínú ìlú wa. Ṣéènì látàárọ̀ dalẹ́, tàbí inú àgò irin lẹ́yìn ilé. Bó bá di alẹ́, wọ́n á tú u sílẹ̀ lórí kọnkéré kó máa ṣọ́ ilé. Kò mọ ajá ẹlòmíì, kò mọ àlejò, kò mọ ọmọdé tó ń sáré. Ọjọ́ tí gééètì bá ṣèèṣì ṣí sílẹ̀, gbogbo ohun tí kò mọ̀ yẹn ló máa fẹ́ gé jẹ. Ọmọ àdúgbò ló máa ń san gbèsè ọ̀hún. Fún mi o, pápá ajá jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò èèyàn bó ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbádùn ajá. Àwa ìdílé mẹ́fà la sì dáwó jọ, a ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Èrò náà kì í sì í ṣe tuntun. Ní ìlú Berkeley ní California, Ohlone Dog Park, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní pápá ajá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1979. Orí ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà rélùwéè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ló wà. Ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń wò ni wọ́n mú, bíi tiwa.

Àmọ́ ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń wò ní olúwa rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, nítorí ibí lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá: ẹ má gbé àdá tẹ́ ẹ bá ì tíì rí onílẹ̀. Àwa lọ bá Bàbá tó ni ín nílé wọn. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀, a ṣàlàyé. Bàbá wo wa títí.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ajá lẹ fẹ́ máa kó wá sórí ilẹ̀ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. A ò ní kọ́ nǹkan kan síbẹ̀, sà."

"Bó bá wá di ọ̀la, tẹ́ ẹ ní tiyín ni ńkọ́?"

"A máa kọ ọ́ sílẹ̀, Bàbá. Kí àbúrò yín àti àwọn ọmọ yín náà fọwọ́ sí i."

Ohun tí ẹnu kò lé lórí ni pé ọdún méjì la máa lò ó. A máa ro ó, a máa kó pàǹtí kúrò, a ò ní fi blọ́ọ̀kù kan lé blọ́ọ̀kù kan. Bí wọ́n bá rí ẹni tó fẹ́ rà á, wọ́n á fún wa lóṣù mẹ́ta ká palẹ̀ mọ́. Ẹnì kan nínú wa bínú sí ìlà tó kẹ́yìn yẹn. Èmi rò pé ó tọ́. Bàbá ò jẹ wá ní nǹkan kan. Ìwé yẹn náà ló sì pinnu bá a ṣe náwó: wáyà àti òpó irin tó ṣeé hú la fi ṣe ọgbà yí i ká, a ò mọ ògiri. Ohun tí ẹ lè ká sínú bárò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lọ ni kẹ́ ẹ rà.

Ó yá, iṣẹ́.

Ohun tí gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ gbà wá nímọ̀ràn ni iná. "Ẹ ti iná bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ lọ sùn." Iná kì í pa èkan. Èkan fẹ́ràn iná. Ewé tẹ́ ẹ rí lókè yẹn kọ́ ni èkan. Èkan gan-an wà lábẹ́ ilẹ̀, ìtàkùn funfun gígùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ káàkiri, tórí rẹ̀ mú débi pé ó lè gún iṣu wọlé. Bí iná bá jó ewé tán, ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀. Iná tún ti bá a pa àwọn igi kéékèèké tí ì bá ṣíji bò ó. Òjíji ni nǹkan tí èkan ò lè fara dà. Bẹ́ ẹ bá ti mọ ohun kan yẹn nípa rẹ̀, ẹ ti mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà ṣẹ́gun rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kejì ni oògùn apakoríko. Ẹnì kan ṣì ní ìgò paraquat kan nílé tó fẹ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n sì jàre: ìwọ̀nba díẹ̀ tí èèyàn bá gbé mì lè pa á, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ewu rẹ̀, ewé tó bá kàn nìkan ló máa ń jó. Kì í wọ ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ẹ máa fi ẹ̀mí wewu lórí nǹkan tí kò ní ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́. Glyphosate ní tiẹ̀ máa ń wọ inú ìtàkùn lọ, mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń fi í ṣẹ́gun èkan. Àmọ́ kànga méjì wà nítòsí ilẹ̀ yẹn, omi ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn fi ń fọ abọ́. A fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, a wà á. Oṣù Kẹta, lẹ́yìn òjò méjì àkọ́kọ́ tó mú ilẹ̀ rọ̀. A kọ́kọ́ fi àdá gé e lulẹ̀, a wá fi fọ́ọ̀kì oníyín mẹ́rin àti ọkọ́ tú ilẹ̀. Fọ́ọ̀kì dára ju ọkọ́ lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ọkọ́ máa ń gé ìtàkùn sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan sì lè hù padà. Ẹ gbé e sókè, ẹ gbọn erùpẹ̀ dànù, ẹ kó ìtàkùn sórí páànù tàbí kọnkéré kí oòrùn pa á. Ẹ má dà á sí ìdí ọgbà o, ibẹ̀ ló ti máa gbéra padà. Sátidé mẹ́rin ni ìyẹn gbà wá. Ẹ̀yìn mi ò tíì dárí jì mí.

Pàǹtí inú ilẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rò. Ìgò tó fọ́ máa ń rìn sókè lẹ́yìn òjò, ìṣó náà bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ajá ò sì ní bàtà. A fi ajọ̀ tí àwọn bíríkìlà fi ń jọ yanrìn jọ erùpẹ̀ ibi tí pàǹtí ti pọ̀ jù. Ní ti ìṣó, mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà kan tó ti bàjẹ́ ní sítúdíò, a so okùn mọ́ ọn, àwọn ọmọdé ń fà á káàkiri ilẹ̀. Ìṣó, ìdérí kóòkì, abẹ́rẹ́ ìránṣọ: ó kún agolo mílíìkì ńlá kan. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan la tún ń fà á.

Ẹ tún wo ìdí ọgbà. Ẹnì kan ti gbin lápálàpá síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ bí ààlà, igi làrà méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Májèlé ni èso àwọn méjèèjì jẹ́ fún ajá, ajá kékeré sì máa ń jẹ gbogbo ohun tó bá bọ́ sílẹ̀. A bẹ Bàbá, wọ́n ní ká hú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó, àwọn ọ̀pẹ kúkúrú olówó gọbọi tí àwọn èèyàn ń gbìn síwájú ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní sago palm, ẹ má gbìn ín síbi tí ajá ń dé. Ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́, èso rẹ̀ ló sì burú jù.

Lẹ́yìn tá a wà á tán, ilẹ̀ mọ́ rekete. Gbogbo èèyàn fẹ́ gbin koríko lọ́jọ́ kejì. Èmi àti ẹnì kan tó kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀ nínú wa la ní kí wọ́n dúró. Ìtàkùn èkan tá ò rí ṣì wà nísàlẹ̀. A gbin mucuna sórí gbogbo rẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ẹbí wèrèpè ni. Ẹ má sá! Irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń lò kì í yúnni lára. Ó máa ń fà bo ilẹ̀ bí aṣọ, òjíji tí èkan kórìíra sì nìyẹn. Lápá gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, láti ìparí àwọn ọdún 1980, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ló gbìn ín láti gba oko wọn padà lọ́wọ́ èkan. Ó tún máa ń fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ilẹ̀, bí ẹ̀wà ṣe ń ṣe. Ìparí oṣù Kẹjọ la gé e, kó tó so, nítorí èso rẹ̀ ò dára fún ajá. A jẹ́ kí ewé rẹ̀ jẹrà síbẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ti ń kùn nígbà yẹn. Oṣù márùn-ún, ajá kankan ò tíì débẹ̀, ọdún méjì tí Bàbá fún wa sì ń lọ. Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tá a gé mucuna kúrò, a ò rí ju ìdì èkan mọ́kànlá péré lọ lórí ààbọ̀ plọ́ọ̀tì, a sì wà wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ omi ò gùn. Ibì kan wà láàárín ilẹ̀ tí omi máa ń dúró sí. A tẹ́ ilẹ̀ kó rọra dà síhà ojú gọ́tà, sẹ̀ntímítà 2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Okùn bíríkìlà àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó fún un. A ra típà erùpẹ̀ dúdú kan láti dí kòtò. Kẹ́ ẹ tó san owó, ẹ lọ wo ohun tó ń hù níbi tí wọ́n ti ń wà á. Bí ẹ bá rí èkan níbẹ̀, ẹ máa lọ.

Wàyí o, koríko. Méjì lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta òdòdó: carpet grass àti bahama. Carpet grass ní ewé fẹ̀ǹfẹ̀, ó dára lójú, ó lè fara da òjíji díẹ̀, àmọ́ ó fẹ́ omi, ẹsẹ̀ ajá sì máa ń tètè fà á ya. Bahama ò lẹ́wà tó o. Tínínrín ni, ó sì le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń ràn lórí ilẹ̀ àti lábẹ́ ilẹ̀, bí ajá bá wa ojú kan, á dí i padà fúnra rẹ̀. Oòrùn gangan ló fẹ́. Fún ajá, bahama ni. Carpet grass dára fún ilé tí ẹ ti fẹ́ máa ya fọ́tò ìgbéyàwó.

Ẹ ò nílò láti ra èyí tí wọ́n ti gé bíi kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ ra ìwọ̀nba àpò díẹ̀, kẹ́ ẹ ya á sí ègé tó ní gbòǹgbò. Ẹ la ọwọ́ yín: láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka kékeré jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 20. Àyè tó wà láàárín ègé kan sí èkejì nìyẹn. Ègé 25 nínú mítà kan níbùú lóròó. Plọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ààbọ̀ rẹ̀, ègé náà lé ní 8,000. Bẹ́ẹ̀ ni, 8,000. Oṣù Kẹsàn-án ni, òjò ń rọ̀, gbogbo wa wà lórí ìkúnlẹ̀, ìyá ẹnì kan se ọ̀fadà wá. Ọjọ́ méjì la fi gbìn ín. Bí ẹ bá lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, nítorí òjò á pẹ́ lórí rẹ̀. Àwa ò lè ṣe é nítorí mucuna. Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ la fi ń pọnmi kànga sí i ní ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ajá àkọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún yìí. Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn tá a gbé àdá.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí ajá bá dé orí rẹ̀? Ìtọ̀, lákọ̀ọ́kọ́. Ìtọ̀ ajá ní nitrogen àti iyọ̀ púpọ̀, bó bá pọ̀ lójú kan, koríko á jó. Wọ́n máa ń dá abo lẹ́bi, ṣùgbọ́n ìtọ̀ kan náà ni. Abo máa ń lóṣòó dà á sójú kan, akọ sì máa ń fi wọ́n òpó. Korobá omi kan wà lẹ́nu gééètì, ẹni tí ajá rẹ̀ bá tọ̀ á bomi sí i. Ìgbẹ́ ńkọ́? Olówó ajá ló ń kó o, lójú ẹsẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán. Aràn inú ìfun ajá máa ń pa sínú ilẹ̀ tútù, ó sì máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara ajá àti ara ọmọ tí kò wọ bàtà. Ilẹ̀ gbígbẹ tí oòrùn ń pa ni kì í jẹ́ kó pẹ́. Ìdí nìyẹn tí gọ́tà fi ṣe pàtàkì, tá a sì ń gé koríko mọ́lẹ̀.

Eégbọn lẹ máa ń bi mí jù. Gbogbo èèyàn rò pé inú koríko ló ń gbé. Irú eégbọn tó wọ́pọ̀ lára ajá wa, èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, fẹ́ràn ojú ìlà ògiri àti abẹ́ blọ́ọ̀kù ju koríko lọ. Abo kan lè yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún síbẹ̀. Òkìtì blọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ kó sí kọ́nà ilé yín, ẹ lọ gbé e kúrò kẹ́ ẹ tó bá koríko jà. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní kọ́nà pápá náà, a ò jẹ́ kí yanrìn ibẹ̀ rùn fún ìtọ̀, nítorí eṣinṣin kan wà tó máa ń yé sí irú yanrìn bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òjíji, ìdin rẹ̀ á sì wọ abẹ́ awọ ajá bí eéwo. Tẹ́ ẹ bá ti rí i rí, ẹ ò lè gbàgbé.

Òfin kan ṣoṣo ni a kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lé lórí: ajá tí kò ní káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kò gba gééètì wọlé. Ajá ọ̀rẹ́ mi ni o, ajá pásítọ̀ ni o. Nínú èèyàn 100 tó bá kó dìgbòlugi, ajá ló kó o ran bíi 99, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ, èèyàn kì í sábà yè é. Ọkùnrin kan bínú lọ nítorí òfin yìí, ó ní ajá òun kì í gé èèyàn jẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó mú káàdì dé. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lágbàáyé fún ọ̀rọ̀ dìgbòlugi. Ẹ wádìí lọ́wọ́ dókítà ẹranko tó wà nítòsí yín, nítorí abẹ́rẹ́ máa ń di ọ̀fẹ́ láwọn ibì kan lásìkò yẹn. Bí ajá bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má fi epo pa á.

Ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ lánàá pé: "Anti, tí Bàbá bá wá ta ilẹ̀ yẹn ńkọ́?" Ìwé wa parí ní oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀. Àwọn aṣojú ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó rí bí igbó, wọn ò wá. A mọ ìyẹn. A ti bẹ Bàbá kí wọ́n fi ọdún kan kún un, wọ́n ní àwọn máa bá àwọn ọmọ àwọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní rárá, a máa ká wáyà, a máa hú òpó, a ó sì wa bahama tó bá kún àpò ogún. Ilẹ̀ mìíràn wà lẹ́yìn ilé ìtajà búrẹ́dì, èkan ibẹ̀ ga dé ejìká. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ béèrè olówó rẹ̀.